Rélùwéè Orí Tábìlì àti Àwa Ará Bàrígà

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ni àwọn baba wa máa ń wí nígbà tí wọ́n bá fẹ́ kí ènìyàn má ṣe sọ ìrètí nù. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ojú irin, arìn-gbọọrọ-bí-erè, abara-wúwo-tí-í-mi-ilẹ̀-tìtì, kò mọ òwe náà, nítorí ọ̀nà kan ṣoṣo ni tirẹ̀ láti ìjáde dé ìwọlé, bí ó bá sì pàdé ẹgbẹ́ rẹ̀ lójú ọ̀nà yìí, kò lè yà fún un bí ẹlẹ́sẹ̀ ti ń yà fún ẹlẹ́sẹ̀ ní òpópónà Bàrígà. Àgbò méjì kì í mu omi nínú koto kan. Ọkọ̀ méjì kì í sì í gba orí irin kan ní àkókò kan náà. Láti inú òfin yìí ni èyí tí ó pọ̀ jùlọ nínú ọgbọ́n rélùwéè ti ṣẹ̀ wá, láti inú rẹ̀ náà sì ni eré kan ti jáde, èyí tí àwọn ènìyàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti Amẹ́ríkà àti ti Jámánì ń ṣe nínú yàrá, nínú gáréèjì àti nínú àjà ilẹ̀ ilé wọn. Eré náà ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí mo gbàgbọ́ pé ó yẹ àdúgbò wa ju bí ẹni tí ó ń wò ó lókèèrè ti lè rò lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọkọ̀ páànù tí òbí ń rà fún ọmọ nígbà Kérésìmesì, tí í máa yí po lójú kan títí bátìrì yóò fi tán nínú rẹ̀, ni mò ń wí. Àwọn àgbàlagbà ni wọ́n kó ara wọn jọ di ẹgbẹ́, tí wọ́n fi pákó àti gọ́ọ̀mù kọ́ odidi agbègbè sórí tábìlì: òkè ni, odò ni, afárá ni, tésàn ni, ilé ìkẹ́rùsí ni, títí kan ìyá olóúnjẹ tí ó dúró ti agbada rẹ̀ lẹ́bàá irin. Ìwọ̀n tí ó wọ́pọ̀ jùlọ láàárín wọn, tí wọ́n ń pè ní HO, a máa dín ohun gbogbo kù sí ìdá kan nínú 87, tó bẹ́ẹ̀ tí kóòṣì tí ó gùn ní mítà 20 lójú ayé kò ní ju sẹ̀ǹtímítà 23 lọ lórí tábìlì, tí àlàfo àárín irin méjèèjì sì jẹ́ mìlímítà 16.5. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ ọwọ́ náà ti wuyì tó, kì í pẹ́ sú ẹni tí ń wò ó, bí ọkọ̀ kò bá ní ibi tí ó ń lọ àti ìdí tí ó fi ń lọ. Nítorí náà ni àwọn tí ó jinlẹ̀ nínú eré yìí ṣe dá ìpàdé ìwakọ̀ sílẹ̀, níbi tí olúkúlùkù ọmọ ẹgbẹ́ ti ń gba ipò bí ẹni gba oyè, tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan sì ní ẹrù tí yóò rù, ibi tí yóò gbé e dé, àti àkókò tí a ń retí rẹ̀.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ ti gbilẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1935 ni àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ yìí pàdé ní ìlú Milwaukee, tí wọ́n dá ẹgbẹ́ ńlá kan sílẹ̀ fún gbogbo orílẹ̀-èdè wọn, tí wọ́n sì fi òfin de ìwọ̀n táyà àti irin, kí ọkọ̀ ẹnìkan lè sá lórí irin ẹlòmíràn láìjábọ́. Nígbà tí ó di ọdún 1944, Frank Ellison, ará New Orleans, ẹni tí ó sọ rélùwéè orí tábìlì tirẹ̀ ní Delta Lines, kọ ọ̀wọ́ àpilẹ̀kọ kan sínú ìwé ìròyìn Model Railroader, ó sì là á yé àwọn ènìyàn pé orí ìtàgé ni tábìlì náà, pé àwọn ọkọ̀ ni òṣèré, àti pé ìwé àkókò ni eré tí a kọ sílẹ̀ fún wọn láti ṣe. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Doug Smith dé, ní oṣù Kejìlá ọdún 1961, pẹ̀lú ìlànà páálí tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ṣì ń tẹ̀lé títí di òní olónìí. Wágọ́nù kọ̀ọ̀kan ní páálí tirẹ̀, tí a kọ orúkọ àti nọ́ńbà rẹ̀ sí. Páálí náà ní àpò kékeré kan, inú àpò yìí ni wébíìlì ń gbé, èyí tí ó ń sọ ohun tí wágọ́nù náà rù, ibi tí ó ti ń bọ̀ àti ibi tí ó ń lọ. Ojú mẹ́rin ni wébíìlì náà ní. Bí ìpàdé kan bá parí, a ó yí i padà, ojú mìíràn a sì yọ jáde láti inú àpò, wágọ́nù tí ó gbé símẹ́ńtì lọ lánàá a sì di òfìfo tí ń padà lọ gbé òmíràn.

Ẹ jẹ́ kí a wọ inú yàrá náà lọ́jọ́ ìpàdé. Lára ògiri ni aago kan wà tí kì í sọ òótọ́ fún ẹni tí ó wà lóde, nítorí wọ́n ti mú un yára ní ìlọ́po mẹ́rin. Wákàtí mẹ́ta tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fi jókòó ti di wákàtí méjìlá fún àwọn ọkọ̀, wọ́n ti jí ní òwúrọ̀, ilẹ̀ sì ti ṣú mọ́ wọn lọ́nà. Ní igun kan, tàbí nínú yàrá mìíràn tí kò ti lè rí ọkọ̀ kankan, ni alákòóso ojú irin jókòó sí, pẹ̀lú tẹlifóònù létí àti bébà níwájú. Ohun tí a bá rò fún un nìkan ni ó mọ̀, ohun tí ó bá sọ nìkan ni ó sì lè ṣẹlẹ̀. Ọ̀gá yáàdì ń to wágọ́nù sí ìlà, èyí tí ń lọ sí òkè lápá kan, èyí tí ń bọ̀ ní ìsàlẹ̀ lápá kejì, orí a sì máa gbóná fún un bí ti olórí ìyàwó lọ́jọ́ ìnáwó. Dírẹ́bà a máa rìn tẹ̀lé ọkọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ohun ìdarí lọ́wọ́, gáàdì a sì máa rìn tẹ̀lé dírẹ́bà pẹ̀lú ìdì páálí, tí yóò máa wò ó pé èyí yóò sọ̀ síhìn-ín, èyí yóò dé ọ̀hún. Kò sí ẹni tí ó ń sáré. Ẹni tí ó bá sáré dé tésàn ṣáájú àkókò, dídúró ni yóò dúró, nítorí ẹni tí ó fẹ́ pàdé níbẹ̀ kò tíì dé.

Ibi tí eré náà ti dùn jùlọ lójú tèmi ni ìlànà ojú irin kan ṣoṣo. Ní Amẹ́ríkà, bébà ni wọ́n fi ń ṣe é: alákòóso a pe ọ̀rọ̀ lórí wáyà, ẹni tí ó wà ní tésàn a kọ ọ́ sílẹ̀, a sì kà á padà fún un láìyọ ọ̀rọ̀ kan kúrò, ìgbà tí ó bá kà á pé tán ni àṣẹ tó múlẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní tiwọn gbẹ́kẹ̀lé ohun tí ọwọ́ lè dì mú. Ọ̀pá kan ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àárín tésàn méjì. Dírẹ́bà tí kò bá gba ọ̀pá náà kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀, bí ó tilẹ̀ fi ojú ara rẹ̀ rí i pé ọ̀nà ṣófo. Nígbà tí ó yá, wọ́n ṣe àpótí méjì tí wáyà iná so pọ̀, ọ̀kan ní tésàn kọ̀ọ̀kan, wọ́n kó ọ̀pọ̀ ọ̀pá sínú wọn, wọ́n sì ṣe é tó bẹ́ẹ̀ tí ó jẹ́ pé bí ọ̀kan bá ti jáde, gbogbo ìyókù ti tì pa, ní ìhà ìhín àti ní ìhà ọ̀hún, títí a ó fi dá èyí tí ó jáde padà sínú ọ̀kan nínú àpótí méjèèjì. Èyí kò ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá. Láyé àtijọ́, bí ìránṣẹ́ ọba bá wọ ìlú, ọ̀pá ọba tí ó mú lọ́wọ́ ni àwọn ará ìlú ń wólẹ̀ fún, wọn kì í wo bí ìránṣẹ́ náà ti ga tàbí bí ó ti kúrú. Bí ó bá sì dé láìmú ọ̀pá, bí ó tilẹ̀ ní ẹnu dídùn bí oyin, ojú àlejò lásán ni wọn yóò fi wò ó.

Bí ẹnìkan bá gbàgbé ìlànà yìí lójú ayé, òkú ni a ó máa gbé. Bí ó bá gbàgbé rẹ̀ lórí tábìlì, ọkọ̀ kékeré méjì a fi imú kan imú, gbogbo ilé a rẹ́rìn-ín, alákòóso a sì béèrè ẹni tí ó kà á tí kò kà á pé. Ẹ̀kọ́ tí ó wọ́n bẹ́ẹ̀ kò sì ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi lè bi mí pé kí ni ó kan Bàrígà, tí kò ní ojú irin kankan, tí ọ̀sà gbá a mú lápá kan, tí òpópónà Ìkòròdú gbá a mú lápá kejì. Òtítọ́ ni pé ọkọ̀ ojú irin kò gba ọ̀dọ̀ wa kọjá, ṣùgbọ́n kò jìnnà sí wa. Láti Ìddó ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í la irin ní 1896. Ó dé Abẹ́òkúta ní 1898, ó sì ṣí dé Ìbàdàn ní 1901. Ó kan Òṣogbo ní 1907, ó dé Jẹ́bà ní 1909, ó sì lọ bá irin tí ó ti Báró lọ sí Kánò pàdé ní Minna. Ní Èbúté Mẹ́ta, tí kò tó ìrìn wákàtí kan láti ọ̀dọ̀ wa bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kò bá sí, ilé ńlá kan wà nínú ọgbà rélùwéè tí wọ́n kọ́ ní 1898, tí ẹgbẹ́ Legacy tún ṣe, tí wọ́n sì fi pa àwòrán àti ohun èlò àtijọ́ mọ́. Jaekel House ni wọ́n ń pè é, ní ìrántí Francis Jaekel, ẹni tí ó ṣiṣẹ́ ní rélùwéè wa títí ó fi di ọ̀gá, tí ó sì kọ ìtàn rẹ̀ sílẹ̀ ní ìdìpọ̀ mẹ́ta. Irin tuntun tí ó lọ láti Èbúté Mẹ́ta dé Ìbàdàn, kìlómítà 157, ni ìjọba ṣí ní oṣù Kẹfà ọdún 2021. Ọkọ̀ ìpínlẹ̀ Èkó tí ń ná Agbádó sí Òyìngbò náà bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, Yábà sì ni ọ̀kan nínú àwọn tésàn rẹ̀, níbi tí ọmọ Bàrígà lè fi ẹsẹ̀ rìn dé.

Ohun tí ẹgbẹ́ Yorùbá lè kọ́ sórí tábìlì pọ̀ nígbà náà. Bí a bá fẹ́ dín gbogbo kìlómítà 157 wọ̀nyí kù sí ìdá kan nínú 87, yóò ṣì gùn ju kìlómítà kan àti àbọ̀ lọ, kò sì sí gbọ̀ngàn tí yóò gbà á ní gbogbo Ṣómólú tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Nítorí náà, tésàn mẹ́ta péré lórí irin àtijọ́ ni kí a mú: Èbúté Mẹ́ta tí ọkọ̀ ti ń sùn, Láfẹ́ńwá tí ó wà lẹ́bàá odò Ògùn, àti Dùgbẹ̀ tí kòkó ti máa ń sọ̀kalẹ̀ wá láyé àtijọ́. Ọgbọ́n kékeré kan tún wà fún ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe irin àtijọ́, èyí tí àlàfo rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 1,067. Àwọn ará New Zealand, tí irin wọn jẹ́ ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú tiwa, ti rí i tipẹ́ pé bí wọ́n bá dín ọkọ̀ kù sí ìdá kan nínú 64, irin HO tí wọ́n ń tà káàkiri ayé bá a mu régí. Ẹni tí ó bá ra irin HO ti ra irin Ìddó sí Ìbàdàn láìmọ̀.

Ṣùgbọ́n àyè ńkọ́? Ilé wa ní Bàrígà, yàrá kọjú sí yàrá ni púpọ̀ nínú wọn, ẹni tí ó bá sì ní yàrá méjì, ó ti ní ọmọ tí yóò sùn sínú èkejì. Ẹnìkan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Alan Wright, ti dáhùn ìbéèrè yìí fún wa pẹ̀lú eré tí ó sọ ní Inglenook, èyí tí pákó kan lásán tó fún. Ẹ̀ka irin mẹ́ta ni ó ní: ọ̀kan gba wágọ́nù márùn-ún, èyí tí mo pè ní ti àkọ́kọ́, àwọn méjì ìyókù gba mẹ́ta mẹ́ta, ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ti pàdé sì gba ẹ́ńjìnì àti wágọ́nù mẹ́ta, kò gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wágọ́nù mẹ́jọ ni ó wà nínú eré. A ó po páálí mẹ́jọ pọ̀, a ó fa márùn-ún yọ, bí a ti fà wọ́n ni a gbọ́dọ̀ to wágọ́nù wọn sórí ẹ̀ka àkọ́kọ́. Ọ̀nà tí wọ́n lè gbà to sì jẹ́ 6,720.

Ẹ wò ó bí ó ti ń rí. Wágọ́nù márùn-ún wà lórí ẹ̀ka àkọ́kọ́: kòkó ni ó wà nínú lọ́hùn-ún, ẹ̀pà tẹ̀lé e, edu tẹ̀lé ẹ̀pà, òwú tẹ̀lé edu, símẹ́ńtì sì wà lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀ka kejì kún fún mẹ́ta, ẹ̀ka kẹta ṣófo. Páálí ní kí kòkó bọ́ sí iwájú. Ẹni tí kò mọ eré yìí yóò fa símẹ́ńtì, òwú àti edu jáde lẹ́ẹ̀kan, yóò tì wọ́n sínú ẹ̀ka kẹta, ẹ̀ka náà a sì kún. Yóò fa ẹ̀pà àti kòkó jáde, inú rẹ̀ a dùn, kí ó tó rí i pé kò sí ibi tí òun lè sọ ẹ̀pà sí àfi lé kòkó lórí, níbi tí ó ti gbé e kúrò. Sùúrù ni baba ìwà: ẹni tí ó bá ní i yóò fi ẹ̀pà àti kòkó sí ara ẹ́ńjìnì bẹ́ẹ̀, yóò lọ fa símẹ́ńtì jáde kúrò lẹ́nu ẹ̀ka kẹta, yóò gbé símẹ́ńtì sọ sínú ẹ̀ka àkọ́kọ́ tí ó ti ṣófo, yóò padà wá fi kòkó sí àyè tí símẹ́ńtì fi sílẹ̀, yóò gbé ẹ̀pà lọ bá símẹ́ńtì, kí ó tó wá padà mú kòkó, kí ó sì fi í síwájú wọn gbogbo. Ẹ fi àpótí ìṣáná mẹ́jọ dán an wò lórí tábìlì ìjẹun yín, ẹ ó rí i pé a gbọ́dọ̀ gbé ohun tí a kò fẹ́ lọ síbi tí a kò fẹ́ kí a tó rí ohun tí a fẹ́, iṣẹ́ ojoojúmọ́ ẹni tí ń to wágọ́nù ní yáàdì sì nìyẹn.

Ohun mìíràn tún wà tí Ọlọ́run fi jíǹkí àdúgbò wa, tí ó jẹ́ pé ẹgbẹ́ rélùwéè ní ìlú mìíràn ì bá fi owó wá kiri. Bébà ni ó ń mú ìpàdé ìwakọ̀ rìn: ìwé àkókò, ìwé àṣẹ, páálí wágọ́nù, wébíìlì, tíkẹ́ẹ̀tì èrò. Ta ni kò sì mọ̀ pé Ṣómólú ni ìlú àwọn atẹ̀wé, níbi tí ariwo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kì í ti í dákẹ́, tí ẹni tí ó fẹ́ ṣe káàdì ìgbéyàwó, kàlẹ́ńdà ìjọ tàbí ìwé ètò ìsìnkú ń ti gbogbo Èkó wá? Páálí tí ó ṣẹ́kù lẹ́bàá ẹ̀rọ wọn tó láti fi ṣe ìwé fún rélùwéè mẹ́wàá. Káfíńtà kò wọ́n wa. Àwọn tí ń tún fóònù ṣe, tí wọ́n ń fi irin gbígbóná lẹ wáyà tínrín mọ́ ara wọn láìgbọ̀n ọwọ́, kún ojú pópó. Ilé-ìwé kò sì wọ́n wa: CMS Grammar School, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1859, ti wà ní Bàrígà láti 1959, Herbert Macaulay, ọmọ ọ̀gá àkọ́kọ́ rẹ̀, sì ni ó gbé ìṣúná owó rélùwéè yẹ̀wò fáyé rí ní 1908, nígbà tí ìjọba òyìnbó rò pé kò sí ọmọ adúláwọ̀ tí yóò bi wọ́n léèrè.

Àwọn kan yóò sọ pé àgbàlagbà tí ń fi ọkọ̀ ìṣeré ṣeré ti ya ọmọdé. Èmi kò bá wọn jiyàn púpọ̀, ìtàn ni mo fẹ́ sọ fún wọn. Ní 1946 ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ MIT ní Amẹ́ríkà dá ẹgbẹ́ rélùwéè orí tábìlì sílẹ̀. Apá kan nínú wọn fẹ́ràn àtikun ọkọ̀ lọ́dà àti àtikọ́ ilé; apá kejì wọ abẹ́ tábìlì lọ, wọ́n kó ohun èlò tẹlifóònù jọ, wọ́n sì fi wáyà hun wọ́n pọ̀ tí ọkọ̀ fi mọ ẹni tí ń darí rẹ̀ àti ìgbà tí ọ̀nà rẹ̀ ṣí. Láti abẹ́ tábìlì yìí ni púpọ̀ nínú wọn ti lọ sídìí kọ̀ǹpútà, tí wọ́n sì wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ fi í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò rò pé ó lè ṣe. Steve Russell, ọ̀kan nínú wọn, ni ó ṣáájú nínú kíkọ eré Spacewar! ní 1962. Èyí tí ó wà ní abẹ́ tábìlì àti èyí tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà, ọgbọ́n kan náà ni: bí èyí bá rí báyìí, kí ìyẹn dúró, bí ìyẹn bá kọjá, kí èyí máa bọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ wa tí wọ́n ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Yábà àti ní Akọ́kà lè rí i kọ́ lórí irin kí wọ́n tó rí i kọ́ lójú ẹ̀rọ.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí kọ̀ǹpútà nìkan ni mo ṣe ń gba àwọn ọ̀gá ilé-ìwé àti àwọn olórí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ wa níyànjú. Dáńfó tí ń ná Bàrígà sí Yábà, ìgbà tí ó bá kún ni ó ń gbéra, ibi tí ó bá wu dírẹ́bà ni ó ń yà, bí ó bá sì pàdé ẹgbẹ́ rẹ̀, ẹni tí ẹnu rẹ̀ bá le jù ni yóò kọ́kọ́ kọjá. A ti ti inú rẹ̀ dàgbà, ó sì ti wọ̀ wá lára. Rélùwéè kò lè rìn bẹ́ẹ̀. Owó ni a fi ń ra irin àti ẹ́ńjìnì, ẹlòmíràn ni a sì ń rà wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n àdéhùn tí ó mú kí ọkùnrin kan dúró pẹ̀lú ọkọ̀ rẹ̀ níbi tí ọ̀nà ti ṣófo níwájú rẹ̀, nítorí pé ọ̀pá kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ọjà kan kò sí tí wọ́n ti ń tà á. Kíkọ́ ni a ń kọ́ ọ, ẹni tí ó bá sì fi eré kọ́ ọ nígbà èwe kò ní í kà á sí ìyà nígbà tí ó bá dàgbà.

Nítorí náà, ilé-ìwé tí ó bá ní kíláàsì tí ó ṣófo lọ́sàn-án Sátidé, kí ó yà á sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ yìí. Kí káfíńtà gé pákó, kí atẹ̀wé gé páálí, kí ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè tí ó ti fẹ̀yìntì wá jókòó ti àwọn ọmọ, kí ó sọ fún wọn bí wọ́n ti ń ṣe é nígbà tí wọ́n ń ṣe é dáadáa. Kí wọ́n fi Inglenook bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n tó ronú Láfẹ́ńwá, nítorí díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n nílò kì í sì í ṣe ẹ́ńjìnì rárá. Ẹni kejì ni, tí yóò di ọ̀pá mú ní tésàn kejì, nítorí ẹnìkan ṣoṣo lè ní ọkọ̀ ìṣeré, ṣùgbọ́n kò lè ní rélùwéè.